Síróòpù ìrèké: bí ẹ ṣe lè sè é nílé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá maple

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí pankéèkì ti di oúnjẹ àárọ̀ Sátidé nínú ọ̀pọ̀ ilé l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí ni wọ́n ti ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe lè fọwọ́ ara ẹ̀ se maple síróòpù, dípò kó máa ra ìgò kékeré ní owó gọbọi. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí gan-an: igi maple ò sí lọ́dọ̀ wa, òtútù tó máa ń jẹ́ kí omi ara igi yẹn sun náà ò sí, ọyẹ́ tiwa ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tó wà nídìí síróòpù, pé kéèyàn gba omi dídùn lára nǹkan tó hù nílẹ̀, kó gbé e kaná, kó máa sè é títí omi á fi lọ tí adùn á ṣẹ́ kù, ìrèké gba iṣẹ́ yẹn dáadáa, àní sẹ́ ó rọrùn ju ti maple lọ. Ti ìrèké ni mo fẹ́ kọ́ yín, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe maple, torí ẹni tó bá mọ̀yẹn á mọ ìdí tí gbogbo nǹkan tá a máa ṣe fi rí bẹ́ẹ̀, àti pé àwọn àbúrò wa tó ti wà ní Canada náà lè dán an wò lẹ́yìnkùlé wọn.

Igi tí wọ́n fẹ́ràn jù fún un ni sugar maple, ewé maple náà ló wà láàárín àsíá Canada láti 1965. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ló ti ń ṣe síróòpù yìí kí òyìnbó tó dé, lónìí ìpínlẹ̀ Quebec ló ń sè é jù láyé. Ìgbà tí òtútù bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é, láti bíi ìparí February wọ April, nígbà tó jẹ́ pé lóru, ojú ọjọ́ á lọ sísàlẹ̀ 0 digrí tí omi á dì, tílẹ̀ bá wá mọ́, á gbóná díẹ̀ kọjá 0. Dídì àti yíyọ́ yẹn ló ń fún omi inú igi lágbára láti jáde. Wọ́n á wá igi tó ti dàgbà, tí ìdí ẹ̀ fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 30, wọ́n á fi dírìlì lu ihò tóóró kan sí i, ihò tí ò ju mílímítà 8 lọ ní fífẹ̀, kó wọnú bíi sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5, kó dagun díẹ̀ síta kí omi lè máa ṣàn bọ̀, wọ́n á ki páìpù kékeré bọ̀ ọ́, wọ́n á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ ọ. Omi tó ń kán síbẹ̀ mọ́ gaara, adùn ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́nu, ṣúgà inú ẹ̀ ò ju bíi 2 nínú 100 lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nǹkan bíi lítà 40 ni wọ́n máa ń sè kí wọ́n tó rí lítà 1 síróòpù! Ìta ni wọ́n ti ń sè é, torí bí ooru lítà 39 bá fò sínú ilé, ara ògiri á rin gbingbin, á tún máa lẹ̀. Tí gbígbóná ẹ̀ bá ti fi digrí 4 ju ibi tí omi lásán ti ń hó lọ, ó ti di síróòpù nìyẹn. Bí igi bá sì ti ń rú ewé tuntun, omi ẹ̀ á yí adùn padà, wọ́n á ká irinṣẹ́ wọn nílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é níbẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni igi, ẹ rí i dájú pé maple ni lóòótọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì oúnjẹ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi kó ọ̀dà tàbí kẹ́míkà rí, omi tẹ́ ẹ bá sì gbà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀, tí ẹ ò bá tíì ráyè sè é ẹ gbé e síbi tó tutù dáadáa.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nípa èyí tí wọ́n ń tà fún wa níbí. Ọ̀pọ̀ ìgò tí wọ́n kọ pankéèkì síróòpù sí lára ní súpámákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe maple rárá, síróòpù àgbàdo ni, wọ́n fi kọ́lọ̀ àti òórùn àtọwọ́dá sí i ni. Ẹ yí ẹ̀yìn ìgò, ẹ ka nǹkan tí wọ́n fi ṣe é kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ ni, ìrèké tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín sè fi ọ̀nà jìn ju ú lọ, ó ní adùn tiẹ̀, ó ní òórùn tiẹ̀, ẹ sì mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìrèké. Omi ìrèké tó gbó dáadáa, ṣúgà inú ẹ̀ máa ń tó 15 nínú 100, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi wé 2 ti maple. Ìyẹn ni pé igi ìdáná tàbí èédú tẹ́ ẹ máa sun kéré gan-an sí tiwọn, lítà 10 omi ìrèké tí ẹ ò bu omi là lè fún yín ní nǹkan bíi lítà 1 àbọ̀ síróòpù, tí ìrèké náà bá ti gbó. Tí kò bá gbó ńkọ́? Ẹ máa sè é títí, ẹ ò ní rí nǹkan kan gbà nídìí ẹ̀ ju làálàá lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ níbi rírà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìrèké máa ń dùn jù. Tí òjò bá ń rọ̀, ìrèké á máa ga ni, á máa mu omi, ṣùgbọ́n tí òjò bá dá tí ọyẹ́ dé, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ga mọ́, á wá kó ṣúgà jọ sínú ọ̀pá. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n máa ń gé e níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín lọ́pọ̀, bíi ti Bàsítà ní Kwara, lẹ́bàá odò Ọya, níbi tí ilé iṣẹ́ ṣúgà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964. Nítorí náà láti bíi December dé March, tẹ́ ẹ bá rí àwọn tó ń ti bárò ìrèké kiri láti Sábó dé Tákíẹ́, tàbí tẹ́ ẹ dé Wáṣò tẹ́ ẹ rí i tí wọ́n dì í ní ìdì ìdì, àsìkò yín ló tó yẹn. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti bó sínú nàílọ́ọ̀nù, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n bó o àti ọ̀bẹ tí wọ́n fi bó o. Odindi ọ̀pá ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́, kó wúwo, kí ara ẹ̀ má hunjọ. Kẹ́ni tó ń tà á gé orí kan fún yín kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò, ẹ má tijú, owó yín lẹ fẹ́ ná, apá ìsàlẹ̀ ló máa ń dùn jù, apá orí níbi tí ewé wà ò dùn, ẹ gé e sọ nù tàbí kẹ́ ẹ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa jẹ ẹ́.

Nígbà tẹ́ ẹ bá délé tẹ́ ẹ là á, ẹ wo inú ẹ̀. Ó yẹ kó funfun tàbí kó ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Èyí tí inú ẹ̀ bá ti pọ́n, tó ní ìlà pupa pupa, tẹ́ ẹ bá gbóòórùn ẹ̀ tó ń ṣe yín bíi pé ọtí ni, àìsàn ti mú un, ẹ má fi apá kan ẹ̀ sínú tó kù rárá. Ibi tí kòkòrò bá ti lu ihò sí náà, ẹ gé ibẹ̀ kúrò dáadáa.

Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó bó o. Ẹ fi kànìnkànìn fọ ẹrẹ̀ àti nǹkan funfun tó wà lára ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wá bó èèpo ẹ̀, kẹ́ ẹ gé àwọn oríkèé yọ, torí oríkèé le, omi ibẹ̀ ò sì dùn tó ti àárín. Ẹ wá gé e wẹ́wẹ́.

Bí ẹ ṣe máa yọ omi ẹ̀ ló kàn. Tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fún ìrèké, irú èyí tó ní irin ńlá ńlá tó ń yí tó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí Ọlọ́run ṣe é ní tiyín, kílò ìrèké 1 lè fún yín ní bíi ìdajì lítà níbẹ̀. Tí kò bá sí, odó ṣì wà. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan odó àti ọmọ odó, kó má jẹ́ odó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún iyán tàbí elùbọ́ nínú ẹ̀ o, kẹ́ ẹ máa gún ìrèké náà díẹ̀ díẹ̀ títí tí á fi rí jáúnjàún, kẹ́ ẹ kó o sínú aṣọ asẹ́ funfun tá a fi ń sẹ́ ọ̀gì, kẹ́ ẹ lọ́ ọ pọ̀, kẹ́ ẹ fún un dáadáa. Èèyàn méjì ló dáa kó fún un, kí ọ̀kan di apá kan mú kí ẹnì kejì máa lọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá fún un tán, ẹ bu omi gbígbóná díẹ̀ lé pàǹtí ẹ̀, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kejì, adùn púpọ̀ ṣì máa ń wà níbẹ̀. Bílẹ́ńdà náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ kó fẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ fi omi sí i, kẹ́ ẹ máa dákẹ́ láàárín kó sinmi, torí okùn inú ìrèké máa ń ta kókó mọ́ abẹ bílẹ́ńdà, mọ́tò ẹ̀ lè jó. Omi tẹ́ ẹ bá sì fi sí i, ẹ rántí pé iná lẹ máa fi lé e jáde padà, ẹ má bù ú lọ́pọ̀. Àwọn kan máa ń gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe fọ ẹ̀rọ yẹn tó, ata ṣì máa ń kù síbẹ̀, síróòpù á sì fi ìta ata hàn nígbà tó bá ki tán, torí gbogbo ohun tó wà nínú omi náà ló máa ki pọ̀.

Láti ìgbà tí omi bá ti kúrò lára ìrèké, ẹ má fàkókò ṣòfò mọ́. Ó máa ń dúdú, tó bá sì fi pẹ́ nílẹ̀ nínú oòrùn tiwa yìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í kan, èyí tó ti kan ò lè ṣe síróòpù gidi mọ́. Nítorí náà kí iná ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Ẹ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i láti inú asẹ́ tó kúnná, ẹ jẹ́ kó tòrò fún ìṣẹ́jú bíi 15, funfun funfun kan á sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ rọra da ti òkè sínú ìkòkò, ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀.

Ìkòkò tó fẹ̀ lẹ́nu ló dáa, sítéènlẹ́ẹ̀sì tí ìdí ẹ̀ nípọn, kí omi má ju ìdajì ẹ̀ lọ. Bí ẹnu ìkòkò bá ṣe fẹ̀ tó ni omi á ṣe máa tètè lọ, ìkòkò gíga tó há lẹ́nu á kàn jẹ igi yín lásán. Ẹ gbé e kaná níta. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi gáàsì se lítà 10 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí gáàsì ṣe wọ́n yìí, igi tàbí èédú ni kẹ́ ẹ lò fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà, tó bá wá ku díẹ̀ kó tó, ẹ lè gbé e wọnú ilé sórí gáàsì níbi tẹ́ ẹ ti lè dín iná kù bó bá ṣe wù yín.

Ibi tí mo ń sọ yìí gan-an ni síróòpù dídára ti ń yàtọ̀ sí èyí tí ò dáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Iná ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré. Ẹ má kó igi lé e, ẹ jẹ́ kó máa gbóná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kó tó hó rárá, nígbà tí ooru bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú lójú ẹ̀, ẹ máa rí i tí nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ìfóòfó tó nípọn, tó ní àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ ewé, á kọ́kọ́ kóra jọ sí etí ìkòkò, á wá so pọ̀ títí á fi bo gbogbo ojú omi. Ẹ ti rí irú ẹ̀ rí lórí ẹ̀wà tó ń hó, ti ìrèké kàn nípọn jù ú lọ ni. Gbogbo ìdọ̀tí tí asẹ́ ò lè mú, gbogbo nǹkan tó ń jẹ́ kí síróòpù korò tó sì ń jẹ́ kó ṣókùnkùn, ìfóòfó yẹn ló kó wọn dání. Ẹ má rò ó pọ̀ o! Ẹ mú ṣíbí olójú tí wọ́n fi ń yọ àkàrà, ẹ ki bọ abẹ́ ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gbé e sókè, ẹ dà á sínú abọ́ omi, ẹ padà wá. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ojú omi á fi mọ́, tẹ́ ẹ á máa rí ìsàlẹ̀ ṣíbí nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó hó gùdùgùdù kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, gbogbo ẹ̀ á fọ́ wọnú omi padà, kò sí asẹ́ tó máa yọ ọ́ mọ́, bó ti wù kẹ́ ẹ sè é dáadáa tó lẹ́yìn ìgbà yẹn, á korò nídìí. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ á máa ro èèyàn, èéfín á máa wọ ojú, àmọ́ ìdúró yìí ni iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn tó bá ti mọ́, ẹ fún un níná. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa, ẹ má bo ọmọrí lé e, ẹ jẹ́ kí ooru máa lọ. Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú lítà 10. Ọsàn yìí kì í ṣe torí kó lè kan o, ńṣe ló ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀ pín sí wẹ́wẹ́, tí kò fi ní di ṣúgà tó le gbagidi sísàlẹ̀ ìgò tó bá pẹ́. Ìfóòfó á ṣì máa wá, ìyẹn ti mọ́ díẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ máa yọ ọ́ náà. Tó bá fẹ́ kún dà nù, ẹ mú bọ́tà tó kéré bíi ẹ̀kán kan, tàbí òróró, ẹ jù ú sí i, ẹ máa rí i tó máa fà sẹ́yìn lójú yín, àwọn tó ń se maple náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá ti lọ sílẹ̀ tó bíi ìdajì, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ tún fi aṣọ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, torí tó bá ki tán kò ní gba inú aṣọ kọjá mọ́. Ẹ gbé e padà. Lítà 10 lè gbà yín ní wákàtí 3 tàbí 4 lápapọ̀, ọwọ́ iná yín ló wà.

Àwọ̀ ẹ̀ á máa yí, láti àwọ̀ omi ewé sí ìyeyè, sí àwọ̀ oyin, kó tó wá pọ́n. Òórùn ẹ̀ á yí padà pẹ̀lú, gbogbo àdúgbò á mọ̀. Ẹ wá tẹ́tí sí i. Ìró híhó ẹ̀ á dínkù, èyí tó ń dún fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá máa dún wúlẹ̀wúlẹ̀, ìhó ńlá ńlá á di kéékèèké tó fún mọ́ra, wọ́n á máa gun ara wọn. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ fa igi jáde, iná gbọ́dọ̀ kéré, ẹ má kúrò nídìí ẹ̀ mọ́, ẹni tó bá pè yín lórí fóònù kó pè padà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló wà láàárín èyí tó tó àti èyí tó jóná. Kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà, síróòpù gbígbóná gbóná ju omi híhó lọ, tó bá ta sí ara ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣàn lọ bí omi ṣe máa ń ṣàn lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Tẹ́ ẹ bá ní tẹmómítà, ẹ kọ́kọ́ kì í bọ inú omi lásán tó ń hó, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá rí sílẹ̀, kò ní pé 100 gẹ́lẹ́ lọ́dọ̀ wa torí ilẹ̀ wa ga ju ti Èkó lọ. Tí síróòpù ìrèké bá ti fi bíi digrí 7 sí 8 ju nọ́ńbà yẹn lọ, ẹ sọ̀ ọ́. Ti maple tí mo ní 4, ti ìrèké máa ń ki jù ú lọ, ìyẹn náà ló ń jẹ́ kó lè pẹ́ nílẹ̀ láìsí fíríìjì. Tẹ́ ẹ ò bá ní tẹmómítà, ẹ ti gbé àwo pẹlẹbẹ kan sínú fíríìjì tẹ́lẹ̀, tí NEPA ò bá mú iná wá ẹ gbé e sójú omi àmù. Ẹ kán síróòpù sí i, ẹ dúró kó tutù, ẹ dagun àwo. Tó bá sáré ṣàn, kò tíì tó. Tó bá ń rọra fà, tẹ́ ẹ fi ìka la ojú ọ̀nà sáàárín ẹ̀ tí ọ̀nà yẹn dúró díẹ̀ kó tó pa dé, ó ti tó. Ẹ lè fi ṣíbí wò ó náà: ẹ bù ú, ẹ dà á padà, tó bá ń kán tótó ẹ ṣì máa sè é, tí ìkán méjì bá wá ń so pọ̀ létí ṣíbí, tó fẹ̀ pẹlẹbẹ kó tó já bọ́, ẹ múra àtisọ̀ ọ́. Ẹ má dúró kó ki lórí iná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ń fẹ́ kó ki nínú ìgò, torí tó bá tutù ló máa ń ki gan-an. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n ìdáná, kó wọn lítà 1 èyí tó ti tutù, omi lásán kílò 1 ni, síróòpù tó tó á fẹ́ẹ̀ẹ́ tó kílò 1 àti gráàmù 350 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Ìgò gíláàsì ni kẹ́ ẹ rọ ọ́ sí, kì í ṣe ike, ike á ká jọ. Ẹ ti se ìgò àti ìdérí ẹ̀ nínú omi híhó tẹ́lẹ̀, kí wọ́n gbẹ, kó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó má bàa sán. Ẹ rọ síróòpù náà nígbà tó ṣì gbóná dáadáa, ẹ dé e pa, ẹ fi aṣọ dì í mú kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ dé bíi ìṣẹ́jú kan kí gbígbóná náà lè kan ìdérí. Èyí tí ẹ ò bá tíì ṣí lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù pípẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bá ti ṣí, fíríìjì ló yẹ ẹ́, ẹ má fi ṣíbí tó tutù omi bù ú.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń hó nínú ìgò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tó ń rùn bí ọtí, kò jinná tó ni, omi pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ dà á nù. Tó bá hu funfun lójú, ẹ dà á nù pẹ̀lú, ẹ má bù ú kúrò kẹ́ ẹ wá máa jẹ ìsàlẹ̀. Tó bá di ṣúgà nísàlẹ̀, ìyẹn ò burú, ó jinná jù ni, ẹ gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná, ẹ fi omi híhó díẹ̀ sí i, á yọ́. Ti èyí tó korò tó sì dúdú kirimú, iná ìparí ló pọ̀, tàbí ìfóòfó tí wọn ò yọ, kò sí àtúnṣe fún un, ẹ tún ìrèké mìíràn rà.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé ẹmu ò lè ṣe irú ẹ̀. Ó lè ṣe é, ṣúgà wà nínú omi ọ̀pẹ, àmọ́ bó ṣe ń kán sínú akèrègbè ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kan, torí ìwúkàrà tó ti wà lára akèrègbè láti àná. Àfi tẹ́ ẹ bá bá adẹ́mu sọ ọ́ pé kó fi omi híhó fọ akèrègbè mọ́, kó gbé ti kùtùkùtù wá ní gbàrà tó bá sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e kaná lójú ẹsẹ̀. Ìrèké ò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má retí pé kó dùn bíi maple gan-an, kì í ṣe maple, ẹ má sì lọ ra òórùn inú ìgò láti fi sí i, ẹ ó kàn ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́ ni. Ó dáa lórí pankéèkì, ó dáa lórí búrẹ́dì gbígbóná, ó dáa lórí dùndú, ẹ dà á sínú ẹ̀kọ gbígbóná dípò ṣúgà ẹ wá sọ fún mi bó ṣe rí, ẹni tó bá fẹ́ràn fùrá àti wàrà náà kó dán an wò. Ṣúgà ṣì ni o, àwọn tí dókítà bá ti bá wí nítorí àtọ̀gbẹ, kí wọ́n má tìtorí pé ilé la ti sè é kí wọ́n wá máa mu ún.

Pàǹtí ìrèké tẹ́ ẹ fún tán, ẹ kó o fún ewúrẹ́, tàbí kẹ́ ẹ sá a sóòrùn, tó bá gbẹ ó ń ran iná dáadáa fún sísè mìíràn. Ìkòkò tẹ́ ẹ fi sè é, ẹ má sáré gbé e fọ̀. Ẹ bu omi mímọ́ sínú ẹ̀ bó ṣe ṣì ń gbóná, ẹ fi ìgbakọ ro ó kí gbogbo èyí tó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ yọ́, kẹ́ ẹ fi omi yẹn se zóbò, kò ní nílò ṣúgà mọ́.